Bí a ṣe ń kọ́ ilé tó ṣe é tú: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń kọ́lé ní ilẹ̀ Okun

Tí wọ́n bá wó ilé alámọ̀ àtijọ́ kan ní Kàbà tàbí Ìsánlú, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Pákó òrùlé rẹ̀ á bá ẹlòmíràn lọ, páànù rẹ̀ á di ilé adìyẹ, amọ̀ ògiri á sì rọ padà sínú ilẹ̀ láàárín òjò ọdún díẹ̀. Ẹ wá dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa wó ilé oníbúlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkìtì àfọ́kù ló máa kù, tí kò wúlò ju kí wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà lọ. Bẹ́ẹ̀, owó tó wọ ti oníbúlọ́ọ̀kù ju ti alámọ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ má dá búlọ́ọ̀kù lẹ́bi. Ohun tí wọ́n fi so ilé pọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ǹtì tó le jù ú lọ lẹ̀ mọ́ra kò lè jáde lódidi. Pákó tí wọ́n kan ìṣó mẹ́jọ mọ́ ojú kan náà kò lè ṣàì ya nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́. Àjọ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n lágbàáyé, ISO, ti gbé òṣùwọ̀n 20887 jáde ní ọdún 2020 lórí yíya àwòrán ilé tó ṣe é tú, ìyẹn ilé tí a lè tú kí ohun èlò rẹ̀ sì wúlò níbòmíràn. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí bá a mu, àmọ́ ilé ti wa níhìn-ín la fi wọ̀n ọ́n: ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, yàrá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òrùlé onípáànù. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ fẹ́ kọ́, ẹ wá ẹnjiníà tó mọ ìṣirò ilé kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya ohun tó ń tètè gbó sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń pẹ́

Kí ẹ tó gbé àwòrán lé bírìkìlà lọ́wọ́, ẹ kọ gbogbo ohun tó máa wọ inú ilé sílẹ̀, kí ẹ sì kọ iye ọdún tí ẹ rò pé ó máa lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ àti ògiri lè lo àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páànù tó nípọn dáadáa lè lo ogún ọdún sí ọgbọ̀n. Wáyà iná àti páìpù omi kì í tó ìyẹn kí wọ́n tó fẹ́ àtúnṣe, sílìnì àti ọ̀dà kò sì tó wọn rárá.

Òfin kan ṣoṣo ló jáde nínú èyí: ohun tó ń tètè gbó kò gbọdọ̀ sin ara rẹ̀ sínú ohun tó ń pẹ́. Wáyà tí ẹ rì sínú ògiri, ẹ ti pinnu pé ẹ máa fọ́ ògiri lọ́jọ́ kan nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi ìwọ̀n ọjà ṣe ìwọ̀n ilé

Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni pákó ń gùn lọ́jà, ìyẹn nǹkan bíi mítà 3.6. Tí fífẹ̀ inú yàrá bá jẹ́ mítà 3.3, pákó á gùn dé orí ògiri ní ọwọ́ méjèèjì, sẹ̀ǹtímítà 15 á sì jókòó lórí ògiri ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò gé e, ẹ ò so ó mọ́ òmíràn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u, pákó odindi ni, ẹni tó bá sì rà á lè lò ó bí ó ṣe wù ú. Yàrá mítà 3.4 tàbí 3.5 ló ń ba iṣẹ́ jẹ́: etí pákó kò rí ìjókòó gidi lórí ògiri, káfíńtà á wá máa wá àlẹ̀mọ́.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo fèrèsé ilé náà rí bákan náà. Mítà 1.2 ní ìbú àti ní òró dára. Tó bá pọn dandan kí ti ilé ìwẹ̀ kéré, kó jẹ́ ìdajì gẹ́ẹ́. Fèrèsé oríṣi mẹ́fà nínú ilé kan kò ní oníbàárà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìpìlẹ̀

Òkúta kò wọ́n wa. Àpáta tó yí Kàbà àti Ògìdì ká tó ẹ̀rí. Ìpìlẹ̀ tí a fi òkúta tò pẹ̀lú àpòpọ̀ tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò pọ̀ ṣe é tú, òkúta rẹ̀ kò sì ní ọjọ́ ìgbó. Tí ilẹ̀ bá le, ẹ gbẹ́ ẹ dé mìlímítà 900, kí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 675. Ẹ da kọnkéré fẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta. Òkúta gígùn ni kó máa dá ìbú ìpìlẹ̀ kọjá ní àárín mítà kan sí mítà kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọwọ́ méjèèjì á ya kúrò lára wọn. Tó bá jẹ́ àkúrọ̀ ni ilẹ̀ yín, tàbí amọ̀ dúdú tó máa ń sán ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ fi òkúta sílẹ̀, kí ẹ da kọnkéré onírin. Ìtúnlò kò ṣe pàtàkì ju kí ilé dúró lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ògiri

Ọ̀nà méjì ló wà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì tí gbogbo wa mọ̀. Àṣírí rẹ̀ kò ju pé kí búlọ́ọ̀kù le ju ohun tí a fi lẹ̀ ẹ́ lọ. Òdì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù tà á fi àpò sìmẹ́ǹtì kan yọ ogójì, bírìkìlà á wá fi àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì ẹyọ kan sí iyanrìn mẹ́rin lẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá fi òòlù kàn án, búlọ́ọ̀kù ló máa fọ́, ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ á sì wà níbẹ̀ gbọn-in.

Ẹ yí i padà báyìí. Ẹ yọ búlọ́ọ̀kù yín fúnra yín tí ẹ bá lè ṣe é, kí àpò sìmẹ́ǹtì kan má kọjá ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì bò ó. Fún lílẹ̀ ẹ́, ẹ lo sìmẹ́ǹtì ẹyọ kan sí iyanrìn mẹ́jọ láti orí ìpìlẹ̀ lọ sókè. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin wà, ẹ lo ẹyọ kan sí mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ǹtì oníkílò 50 tó nǹkan bíi lítà 35. Bárò kò dọ́gba láti ọ̀dọ̀ alágbàṣe kan sí òmíràn, nítorí náà garawa oní-lítà 20 ni kí ẹ fi wọn iyanrìn: garawa mẹ́rìnlá fún ẹyọ kan sí mẹ́jọ, garawa méje fún ẹyọ kan sí mẹ́rin. Iyanrìn tó kúnná ni kí ẹ lò. Èyí tó rí ṣákaṣàka kì í mú búlọ́ọ̀kù nígbà tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ bá kéré, bírìkìlà á sì máa bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì kún un. Ẹ má gbà. Ẹ wá iyanrìn mìíràn. Ẹ tún rí i dájú pé etí òrùlé yọ síta tó láti dáàbò bo ògiri, nítorí àpòpọ̀ yìí kò fẹ́ kí òjò máa nà án lójoojúmọ́.

Rírẹ́ ògiri ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kì í ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù mọ́. Bí búlọ́ọ̀kù yín bá dán, ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kàn fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fa ojú ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ kó dọ́gba. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ rẹ́ inú ilé, ẹ rẹ́ ẹ pẹ̀lú amọ̀ àti iyanrìn, kí ẹ kun ún lẹ́yìn tó bá gbẹ. Àwọn ará ilé máa ráhùn pé ilé kò tíì parí. Ó di ọwọ́ yín.

Ọ̀nà kejì ni búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tí ẹ̀rọ tẹ̀, èyí tí ẹyọ kan ń wọnú èkejì láìlo sìmẹ́ǹtì láàárín. NBRRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé àti ọ̀nà, ti ń polongo rẹ̀ tipẹ́. Ìwọ̀nyí ni kí ẹ kíyè sí:

Ẹ kó ilẹ̀ òkè dànù dé ìdajì mítà, nítorí gbòǹgbò àti ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ jọ̀. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì ìdá márùn-ún sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún pò ó ní gbígbẹ, kí ẹ tó wọ́n omi díẹ̀díẹ̀. Láti mọ̀ bóyá omi tó, ẹ di ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ra, kí ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ láti ibi àyà. Tó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó dára. Tó bá di ìyẹ̀fun, omi kò tó. Tó bá jókòó pẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, omi ti pọ̀ jù, búlọ́ọ̀kù yín á sì sán nígbà tó bá gbẹ. Ohun tí ẹ bá ti pò, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán láàárín wákàtí kan, torí sìmẹ́ǹtì kì í dúró de ẹni tó ń jẹun. Ẹ fi ọ̀rá bò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán.

Ìlà àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa fi sìmẹ́ǹtì jókòó sórí ìpìlẹ̀, kó lè dọ́gba. Tí ìlà yẹn bá wọ́ mìlímítà mẹ́ta, ìlà kẹwàá á fi hàn. Ní igun ilé àti ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí irin mìlímítà 12 dìde láti inú ìpìlẹ̀ gba inú ihò búlọ́ọ̀kù lọ sókè, kí ẹ sì da kọnkéré sínú ihò yẹn nìkan. Àwọn búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ lẹ máa pàdánù lọ́jọ́ tí ẹ bá tú ilé. Ìyókù á jáde lódidi pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Lórí oríṣi ògiri méjèèjì, bẹ́líìtì kọnkéré onírin gbọ́dọ̀ yí ilé ká. Kò sí bí ẹ ṣe lè yẹ èyí sílẹ̀, òun ló ń di òrùlé mú.

Ìgbésẹ̀ 5: Òrùlé

Ibí ni owó wà, ibí náà ni ìjì ti ń bá wa jà. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ló ń ṣí ilé káàkiri láti Bùnú dé Ìyàgbà. Òrùlé tó ṣe é tú dáadáa kò gbọdọ̀ jẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn lè tú fúnra rẹ̀.

Igi orí ògiri. Ẹ rì bóòtì mìlímítà 12 sínú bẹ́líìtì kọnkéré nígbà tó ṣì tutù, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, kó sì wọlé tó mìlímítà 200. Ẹ fi mítà 1.2 sí àárín ọ̀kan sí èkejì, kí ti igun má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 30 sí igun lọ. Ẹ ti lu ihò sára pákó kan tẹ́lẹ̀ kí ẹ lè fi ṣe òdiwọ̀n bóòtì, kí ẹ má bàa rì wọ́n sí ibi tí igi kò ní bá wọn mu. Àpá tàbí àyìn ni kí ẹ fi ṣe igi orí ògiri tí ẹ bá rí i. Ikán kì í fẹ́ràn wọn, wọ́n sì le débi pé ìṣó á tẹ̀ tí ẹ kò bá kọ́kọ́ lu ihò. Mẹlaina wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi í síbi tí ọ̀rinrin wà.

Igi òrùlé. Pákó tútù láti sọ́míìlì kò gbọdọ̀ lọ tààrà sórí ilé. Ẹ tò ó síbi ìbòòji fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín ìpele kan sí èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi bóòtì so ojúkò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ibi tí igi ti pàdé igi, dípò ìṣó: bóòtì mìlímítà 12, ihò 13, àti wọ́ṣà fífẹ̀ tó mìlímítà 50 ní ìhà méjèèjì. Wọ́ṣà kékeré á rì sínú igi, ojúkò á sì tú. Ihò kò gbọdọ̀ súnmọ́ orí pákó ju mìlímítà 84 lọ, ìyẹn ìlọ́po méje ìbú bóòtì. Tó bá súnmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí pákó á là gbárá nígbà tí atẹ́gùn bá fà á. Ẹ fi gírísì kun ẹnu bóòtì kí ẹ tó dé nọ́ọ̀tì rẹ̀. Gírísì yẹn ló máa jẹ́ kí sípánà ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún.

Nǹkan kan wà tí púpọ̀ nínú àwọn káfíńtà kì í sọ. Pákó máa ń súnkì ní ọyẹ́ àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀tì tí ẹ fún pinpin ní oṣù kẹwàá á ti dẹ̀ nígbà tó bá di oṣù kejì. Kí ìjì tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan gun orí àjà pẹ̀lú sípánà, kó tún gbogbo rẹ̀ fún. Nítorí èyí, ẹ ní láti fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lára sílìnì, sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú àti ní òró. Lẹ́yìn ọdún kejì, kì í sábà sí wàhálà mọ́.

Pọ́línì, ìyẹn igi méjì-sí-mẹ́ta tí páànù máa ń sùn lé. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 90 gẹ́ẹ́ sí àárín wọn, kí ẹ má sì yí i padà níbì kankan nínú ilé náà. Ìdí rẹ̀ ni pé tí ẹ bá tú páànù lọ sí ilé mìíràn tí pọ́línì rẹ̀ wà ní 90, ihò àtijọ́ á bá igi tuntun mu. Ihò tó bá ṣófo lórí òrùlé, ọ̀nà omi ni.

Páànù. Sùkúrù olórí mẹ́fà tó ní rọ́bà lábẹ́ ni kí ẹ lò, mìlímítà 5.5, gígùn 75, kó wọ inú igi tó 35 ó kéré tán. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mìlímítà 8 ló ń dé e. Orí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ páànù ni kó ti wọlé, nítorí àfonífojì rẹ̀ ni omi ń gbà. Ẹ fún un títí rọ́bà fi fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dúró. Tí rọ́bà bá yọ kúrò lábẹ́ wọ́ṣà bí ahọ́n, ẹ ti fún un jù, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ jò. Létí òrùlé àti ní orí òkè pátápátá, ẹ fi sùkúrù sí gbogbo òkè. Láàárín, ẹ lè fo ọ̀kan. Etí òrùlé kò gbọdọ̀ yọ síta ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, kí atẹ́gùn má bàa rí ibi gbá mú.

Ìṣó páànù kò wọ́n tó sùkúrù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi hámà ológbò yọ ìṣó máa ń tẹ páànù ní gbogbo ibi tó bá ti fi hámà sinmi, ihò á sì fẹ̀ sí i. Páànù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi sùkúrù dè lè wọ ilé kejì, kódà ilé kẹta. Nígbà tí kò bá wúlò fún òrùlé mọ́, yíyọ́ rẹ̀ ń lo nǹkan bí ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n ń lò láti ṣe tuntun. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kiri ra kọ̀ndéèmù fi ń béèrè rẹ̀ ṣáájú irin.

Ẹ má fi ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì dí orí òrùlé. Kì í ṣe é yọ, ó sì ń ba páànù méjì jẹ́ nítorí ihò kan.

Ìgbésẹ̀ 6: Ilẹ̀kùn, fèrèsé àti irin olè

Sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Fèrèsé tí wọ́n gbé sójú ihò kí wọ́n tó rẹ́ ògiri máa ń ní ojú funfun pátapàta tí kò ní lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ògiri parí, kó sì gbẹ, kí ẹ tó gbé fèrèsé wọlé. Ẹ fi sùkúrù mẹ́jọ dè é mọ́ ògiri, méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi sílíkọ́ọ̀nù dí àlàfo tó kù. Abẹ tó mú lè gé sílíkọ́ọ̀nù lọ́jọ́ ìtú.

Ẹni tó bá gbọ́ pé bóòtì ló di irin fèrèsé mú á béèrè pé olè ńkọ́. Bóòtì olórí róbótó tí kò ní ibi tí sípánà lè gbá mú ni kí ẹ kọ orí rẹ̀ síta, kí nọ́ọ̀tì wà nínú yàrá. Olè kò ní rí nǹkan kan tú. Bí ilé bá sì gbiná, ará inú ilé lè tú u kí wọ́n sì jáde.

Ìgbésẹ̀ 7: Iná, omi àti ilẹ̀ ilé

Ẹ jẹ́ kí wáyà gba inú páìpù tó wà lójú ògiri tàbí lórí sílìnì. Ẹ to ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kí wọ́n kẹ̀yìn síra, kí páìpù méjèèjì gba ojú kan náà kọjá. Ní gbogbo ibi tí páìpù bá ti pàdé táńkì tàbí ẹnu ẹ̀rọ, ẹ lo ìsopọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí, ẹ má lo gọ́ọ̀mù.

Ní ti ilẹ̀ ilé, ẹ lu ilẹ̀ pupa kó le, ẹ tẹ́ ọ̀rá nípọn lé e kí ọ̀rinrin má bàa gòkè, ẹ da iyanrìn sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ẹ to kọnkéré pẹlẹbẹ tàbí íńtálọ́ọ̀kù sórí rẹ̀. Táìsì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ kò ní jáde láìfọ́. Ẹ fi í mọ sí ilé ìwẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìwé ilé

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojúkò kí sílìnì tó bò ó. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára igi òrùlé kọ̀ọ̀kan. Sínú ìwé kan, ẹ kọ irú igi, ìwọ̀n bóòtì, ìwọ̀n sípánà, nípọn páànù, àti ohun tí ẹ fi kun pákó nítorí ikán. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: àwọn oògùn igi kan ní májèlé nínú, ẹni tí kò bá mọ̀ lè fi pákó náà dáná oúnjẹ. Ẹ fi ọ̀rá di ìwé náà, kí ẹ kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà àjà, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí fóònù ẹni méjì nínú ẹbí.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ ìtú

Láàárín oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni. Ẹ gé iná kúrò láti òpó, ẹ sé omi. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn àti fèrèsé, sílìnì, páànù, pọ́línì, igi òrùlé, ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣí páànù, nítorí tó bá di ọ̀sán, ọwọ́ kò ní gbà á. Ẹni méjì lókè, ẹni méjì nísàlẹ̀, okùn ni kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má ju ú.

Tó bá jẹ́ ilé àtijọ́ tí sílìnì rẹ̀ jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì lẹ ń tú, ẹ dúró ná. Eruku rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi rin ín gbingbin, ẹ bo imú àti ẹnu pẹ̀lú ìbòmú gidi, ẹ yọ ọ́ lódidi láìfi ayùn kàn án, ẹ fi ọ̀rá nípọn wé e, kí ẹ sì sin ín jìnnà sí kànga. Kò sí ìtúnlò níbẹ̀.

Irin tí wọ́n bá yọ nínú kọnkéré, ẹ má nà án kí ẹ tún fi ṣe irin ilé mìíràn. Ẹ tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin. Kọnkéré fúnra rẹ̀, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún abẹ́ ilẹ̀ ilé tuntun.

Páànù tí kò bá tíì rí ilé, ẹ má tò ó léra nígbà tó tutù. Omi tó bá há sáàárín páànù oníṣíńkì máa ń sọ ojú rẹ̀ di funfun bí ìyẹ̀fun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìpata á sì tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí orí kan ga ju èkejì lọ, kí ẹ sì fi ọ̀pá sáàárín. Sùkúrù àti bóòtì, ẹ kó wọn sínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ da epo mọ́tò àlòkù díẹ̀ lé wọn. Rọ́bà sùkúrù nìkan lẹ máa rà ní tuntun. Bí ihò àtijọ́ bá ti fẹ̀ jù, ẹ fi sùkúrù mìlímítà 6.3 rọ́pò 5.5, á mú.